Ajá Oníwárápá Tí Bàbá Tíṣà Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ìyá Ajá ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò wa n'Ìkẹ́rẹ́. Mọrẹ́nikẹ́ ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ojúde wa tí ẹ béèrè Mọrẹ́nikẹ́, àwọn ọmọdé á máa wo ojú ara wọn. Ẹ béèrè Ìyá Ajá, wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọlọ́mọge, orúkọ yìí máa ń bí mi nínú. Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí òórùn ẹran ń tẹ̀ lé kiri? Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo rí i pé ó bá mi mu ju èyí tí wọ́n fi kó mi jáde lọ.

Àwọn ọmọ ìjọ wa tó ń parí ilé ìwé a máa wá bá mi níwájú ilé lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n á ní, "Mọ̀ọ́mì, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé n kò lè yan iṣẹ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo ṣe ni mo lè sọ bó ṣe rí, adùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀. Kí n má purọ́, ìkorò rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn láyé ìsinsìnyí.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò ní ìtàn kankan nínú. Bàbá mi ń dá oko kòkó lọ́nà Èmùré. Ó gbọ́ lẹ́nu àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé ìtọ́jú ẹranko tí ìjọba ṣí n'Ìkẹ́rẹ́ ń wá ọmọ tó mọ̀wé díẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù wa, ó ń dé nígbà tó bá ń dé. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, kò nílò kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gá Fámúrewá gan-an ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjàn-Èkìtì ni, ó ga, ó tínrín bí ọ̀pá ìtàkùn iṣu, aṣọ kakí rẹ̀ kì í sì í ní ìdọ̀tí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í ṣe dókítà. Àwọn dókítà ẹranko ń wá, wọ́n ń lọ, ìjọba ń gbé wọn kiri. Òun ló ń dúró. Odidi oṣù mélòó kan ni mo fi ń fọ garawa, tí mo ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́, tí mo ń se abẹ́rẹ́ lórí sítóòfù. Nígbà náà, sírínjì onígíláàsì la ń lò. Bí a bá lò ó tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é nínú omi tó ń hó, a ó dì í sínú aṣọ funfun. Bí Ọ̀gá bá fi imú sún mọ́ aṣọ yẹn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, o máa tún gbogbo rẹ̀ sè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó lé mi padà sílé nítorí yẹtí.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni yẹtí ṣe?"

Ó ní, "Ó ń dún. Ìwọ ò gbọ́ ọ mọ́ nítorí etí rẹ ló wà. Ewúrẹ́ yẹn ti ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Kó o tó fọwọ́ kàn án, ọkàn rẹ̀ ti fò lọ. Lọ sí ulé, lọ bọ́ ọ sílẹ̀."

Báyìí ni yóò ṣe sọ ọ́, "ulé", "uṣẹ́", "uṣu", ohùn Ìjàn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà bí kọmíṣọ́nnà bá wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn mo fọ́ sírínjì kan. Mo ti múra fún ìbínú rẹ̀. Kò bínú. Ó gbé àpótí fún mi, ó ní kí n lọ jókòó ti àgùntàn kan tó ń ṣàìsàn lábẹ́ igi ọ̀dán, kí n má ṣe nǹkan kan sí i, kí n ṣáà máa wò ó. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó wá bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní kò jẹun. Ó ní àwọn tó ń kọjá lójú títì náà rí ìyẹn, kí n padà lọ jókòó lọ́la. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó rí i pé ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé sókè díẹ̀ bó bá ti fẹ́ yípo. A wò ó lábẹ́ pátákò, ẹ̀gún wà níbẹ̀, ó ti kẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹranko kò lẹ́nu tó fi máa sọ ibi tó ń dùn ún. Ojú ni wàá fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè jókòó kò lè ṣe uṣẹ́ yìí."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn àgbà ló pa á lówe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Òun náà ló mú mi lọ sí Ìlasà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí dìgbòlugi. Àgbẹ̀ kan ló ránṣẹ́ pè wá pé ajá òun ti yí padà. Orí alùpùpù ni a wà, àpótí oògùn wà láàrin wa. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n so ajá náà mọ́ ìdí igi kòkó. Àgbọ̀n rẹ̀ jábọ́, itọ́ ń ṣe yàà, ohùn tó ń ti ọ̀fun rẹ̀ jáde kì í ṣe ohùn ajá mọ́. Wọ́n ti omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì ń bu igbá jẹ. Ìyàwó àgbẹ̀ náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajá ti bù ú jẹ, ojú sì ń tì í láti sọ.

Ọ̀gá kò tilẹ̀ sún mọ́ ajá. Ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ obìnrin náà lẹ́nu kànga, ó gbé e sórí alùpùpù, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Èmi ni mo dúró lókèèrè tí mo ń lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn. Obìnrin náà yè. Ajá náà kú láìpẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá padà wá gbé mi, tí a ń bọ̀ wálé, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé o rí i? Dìgbòlugi kì í sinmi. Bó bá ti mú ajá, iwájú ló ń lọ títí á fi pa á. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ajá tó ṣubú, tó ń jà pàpà, tó bá sì yá tó dìde tó ń wá oúnjẹ kiri, wárápá ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Àwọn ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀. Wọ́n á pa méjèèjì. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ náà, má ṣe fi ọwọ́ rẹ sún mọ́ ẹnu ajá tó ń gbọ̀n, ohun yòówù kó máa ṣe é."

Ọdún ń gorí ọdún, ohun èlò ń yí padà. Sírínjì oníke dé, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù, sítóòfù bá ìyẹn lọ. Láyé àtijọ́, inú fúláàsìkì tí a kó yìnyín sí ni a ti ń gbé oògùn àjẹsára bọ̀ láti Adó, bí mọ́tò bá bàjẹ́ lọ́nà, oògùn ti di omi lásán nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n fún wa ní fíríìjì, iná kò sí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n gbé èyí tó ń lo oòrùn wá. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fóònù dé. Àgbẹ̀ á jókòó sí Ìrò, á ya ẹnu adìẹ rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí mi, á ní, "Mọ̀ọ́mì, kí ni kí n fún un?" Mo fẹ́ràn fóònù nígbà náà. N kò mọ̀ pé òun náà yóò ṣe mí lóore, yóò tún ṣe mí ní ìkà.

Lẹ́yìn ilé ìtọ́jú wa, Ọ̀gá kọ́ àtíbàbà kan sílẹ̀, páànù lórí, wáyà yí i ká, ó pín in sí yàrá yàrá. Ibẹ̀ ni à ń kó àwọn ajá tí olówó wọn gbé wá tí wọn kò padà wá gbé sí. Àwọn kan ṣẹsẹ̀, àwọn kan irun ti re tán lára wọn, olówó àwọn kan kó lọ sí Èkó. Kò sí nínú ètò ìjọba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dí wa lọ́wọ́. Àjẹkù oúnjẹ ilé ìwé tó wà nítòsí ni à ń bọ́ wọn. Bí ara wọn bá yá, a ó wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ajá tó ń gbó lóde Ìkẹ́rẹ́ láyé ọjọ́un, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, kọ́kọ́rọ́ àtíbàbà yẹn ló fi lé mi lọ́wọ́.

Ní àkókò ọyẹ́ kan, ọkùnrin àgbẹ̀ kan gbé àpò wá láti apá Èmùré. Ohun kan ń mí nínú àpò náà.

Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ bá mi gún un lábẹ́rẹ́ kó kú. Èmi ò lè fi ọwọ́ ara mi pa á, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀."

Mo ní, "Kí ló ṣe?"

"Ó ń ṣubú. Á máa ṣe gìrìgìrì nílẹ̀, á tọ̀ sára. Wọ́n ní dìgbòlugi ni."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti lé ní ọdún kan."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ajá wo ni dìgbòlugi mú tó lo ọdún kan láyé? Síbẹ̀, a fi í sí yàrá ọ̀tọ̀, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ajá pupa ni, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kan ń ṣubú wálẹ̀. Ó ṣubú lójú mi, ó jà, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí oorun ṣì ń kùn, ó wá gbọ́ òórùn ẹ̀bà, ó sì lọ síbẹ̀. Dókítà tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn. Ó ní wárápá ni, ó ní oògùn rẹ̀ wà: hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́, títí ayé rẹ̀. Bó bá ń lò ó, yóò gbé ayé rẹ̀ bí ajá tó kù. Bí wọ́n bá ṣàdédé dá a dúró, àìsàn náà yóò padà pẹ̀lú ìbínú.

Ta ni yóò wá gba ajá tí yóò máa lo oògùn títí ayé? Àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí etí rẹ̀. Bí mo bá ti dárúkọ wárápá, wọ́n á ta kété. Obìnrin kan tilẹ̀ fi gèlè bo imú ọmọ rẹ̀. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ajá yìí ṣì wà lọ́dọ̀ wa, gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀ ti rí ilé lọ.

Bàbá Tíṣà ló gbà á. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà n'Ìbàdàn, òun àti àbúrò rẹ̀, Bọ̀dé, ló jọ ń gbé inú àgbàlá bàbá wọn. Ajá tí yóò máa ṣọ́ ilé ló wá wò. Ó rìn kọjá níwájú wáyà, ó dúró níbi tí ajá pupa wà.

Mo ní, "Bàbá, kí n má tàn yín. Wárápá ń ṣe èyí. Àárọ̀ àti alẹ́ ló ń lo oògùn."

Orúkọ ọmọ mi ló fi pè mí, ó ní, "Ìyá Adéọlá, ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe èmi náà. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń lo tèmi. A ó jọ máa lò ó ni."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà, ajá náà wá gbé imú lé e.

Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kò tí ì ní."

"Ṣebótimọ ni tiẹ̀. Ìwọ̀nba tí agbára wa mọ ni àwa méjèèjì máa ṣe."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ìgbéyàwó tí kò dára tó ìyẹn. Bàbá Tíṣà a máa gún iṣu díẹ̀, á fi hóró oògùn sí àárín rẹ̀, á ṣù ú. Á da tirẹ̀ sẹ́nu, á fi omi lé e, á ju ti Ṣebótimọ sí i. Láàárọ̀ Sunday, ajá yìí á tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, á nà sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò ní wọlé, kò ní gbó, títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Bàbá a máa pè mí lórí fóònù, "Ìyá Adéọlá, ọmọ yín ti sanra." Àìsàn náà kò wá mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá sì wá, kì í pẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọdún bíi mélòó kan. Mo ń fi yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo ṣe nínú iṣẹ́ ìjọba, ọ̀nà Ìsẹ̀ ni mo máa ń nawọ́ sí.

Lẹ́yìn náà ni ojú Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ n'Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ. Ilé àwọn ọmọ yẹn kò gba ajá. Bọ̀dé ló gbà láti máa tọ́jú Ṣebótimọ. Èmi fúnra mi lọ sí Ìsẹ̀, mo jókòó ti Bọ̀dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Mo ní, "Bọ̀dé, oògùn yìí kò gbọ́dọ̀ já rárá. Kódà bó ń fò sókè bí ewúrẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ kan, kò gbọ́dọ̀ já."

Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ajá Ẹ̀gbọ́n mi, ajá mi ni."

Èèyàn rere ni Bọ̀dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù. Kì í ṣe ìkà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fún ajá lóògùn bí mo ṣe ní kó ṣe, fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ń wò ó pé ajá yìí ń sáré, ó ń jẹun, ó ń lé alángbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé oògùn òyìnbó tó pọ̀ báyìí yóò ba ẹ̀dọ̀ ọmọ ẹranko jẹ́. Àánú ló ṣe é. Àánú ló fi dá oògùn dúró.

Àìsàn náà dé lọ́sàn-án gangan, ní àsìkò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ sílé. Iwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ni Ṣebótimọ ṣubú sí. Kò ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí èyí ti ń lọ ni òmíràn ń gùn ún, kò fún un láàyè láti mí. Bọ̀dé sáré jáde. Ó ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ti ṣíbí bọ ẹnu ọmọ tí gìrì mú, ó rò pé ohun tó yẹ kóun náà ṣe nìyẹn. Ó ti ṣíbí bọ ajá lẹ́nu, eyín sì pa dé mọ́ ìka rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹ̀rù bà á, ó figbe ta, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Dìgbòlugi!"

Ẹyin ni ohùn. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ta ló lè kó o?

Ìyàwó Bọ̀dé ló pè mí. Nínú fóònù, mo ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń ké. Mo ní, "Ẹ lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ kó àga yí i ká, mo ń bọ̀!" Mo ń gbọ́ tí ó ń sọ ọ́ fún wọn, "Wọ́n ní ká má pa á! Ìyá Ajá ní ká má pa á!" Ẹnì kan dáhùn pé, "Ìyá Ajá ló máa sọ bẹ́ẹ̀." Fóònù náà já.

Mo gun ọ̀kadà láti Ìkẹ́rẹ́. Mo bẹ ọlọ́kadà pé kó sáré, mo sì tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa wá. Nígbà tí mo dé Ìsẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì pé jọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti dákẹ́. Òkúta àti igi ni wọ́n fi pa á. Etí rẹ̀ kan yẹn nà sílẹ̀ sínú eruku. Àwọn ọ̀dọ́ kan ṣì gbé fóònù sókè, wọ́n ń yà á.

Bọ̀dé jókòó sí pẹpẹ, ó fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ṣé n ó kú?"

Mo ní, "N kò rò bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó ṣe ajá yìí. Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí ìmọ̀ tèmi fi ẹ̀mí rẹ ta tẹ́tẹ́. Bọ́ sí ẹnu kànga, ká fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yẹn, lẹ́yìn náà ọsibítù la ń lọ."

Ó ní, "Mo dá oògùn rẹ̀ dúró." Ó tún un sọ, "Mọ̀ọ́mì, èmi ni mo dá a dúró." Mo fa ọwọ́ rẹ̀, a lọ sẹ́nu kànga.

Dókítà wa ní kí a gé orí ajá náà fún àyẹ̀wò, torí inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń wá dìgbòlugi, a sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ìjọba lókè Ọya. Èsì rẹ̀ yóò pẹ́. Fóònù kò pẹ́ ní tiẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán Ṣebótimọ níbi tó ti ń jà nílẹ̀ ti dé Èmùré, ó ti dé Ìkẹ́rẹ́, ó ti dé Adó. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni dìgbòlugi ti ń jáde, pé a ń fi ajá aláìsàn ta àwọn arúgbó lọ́rẹ. Àwọn òbí ilé ìwé tó wà nítòsí wá bá wa, ojú wọn le. N kò dá wọn lẹ́bi. Bí ọmọ tèmi bá ń kọjá níbẹ̀, bóyá èmi náà ìbá wá. Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àṣẹ dé láti òkè pé kí a kó àtíbàbà náà kúrò.

Mo gbé ajá méjì lọ sílé mi. Mo bẹ àwọn ará ìjọ, wọ́n gba díẹ̀. Àwọn tó kù, ọkọ̀ kan wá kó wọn. Mo bi awakọ̀ pé níbo ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, wọ́n kàn ní kí n wá kó wọn ni." Àwọn ajá náà ń ju ìrù sí mi, wọ́n rò pé ẹni tó máa gbà wọ́n ló ti dé. Ọ̀gá Fámúrewá ti kú nígbà náà. Mo dúpẹ́ pé ilẹ̀ ti bo ojú rẹ̀.

Nígbà tí èsì máa dé, dókítà ló pè mí wọ yàrá rẹ̀ pé wọ́n ti fi fóònù sọ fún òun. Kò sí dìgbòlugi lára ajá náà, kò sí rárá. Mo pe Bọ̀dé. Mo ń gbọ́ tó ń sunkún lórí fóònù. Bóyá ayọ̀ ẹ̀mí ara rẹ̀ ni, bóyá ìbànújẹ́ ajá ni, n kò béèrè. Mo lọ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ lọ́jà. Àwọn ènìyàn ní, "Ẹ ṣeun, Mọ̀ọ́mì," wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù sókè láti ya ìyẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Ó bá a. Ṣùgbọ́n ajá ti kú, àtíbàbà ti wó.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Tíṣà ti Ìbàdàn dé. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un lórí fóònù. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, Bọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sí mi."

Bàbá Tíṣà dúró lórí rẹ̀. Ó ní, "Dìde. Jẹ́ kí n wo ọwọ́ rẹ. Ṣé ó ti jinná?"

Ó mú ọwọ́ náà sún mọ́ ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó yẹ ìka wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ṣe ń wo èékánná ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ó wọlé. Ó béèrè bóyá wọ́n sin ín síbì kan. A ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti dáná sun ún. Ó ní ó dáa. Kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ lójú mi.

Gbogbo òtòkùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Mo wá ẹni tí mo lè di ẹ̀bi rù, n kò rí i. Ẹni tó dá oògùn dúró, àánú ló ṣe é. Àwọn tó sọ òkúta, ọmọ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Àwọn tó pàṣẹ, ìlú ni wọ́n fẹ́ fi lọ́kàn balẹ̀. Bí ibi bá ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kankan kò ní ibi lọ́kàn, ibo lèèyàn máa gbé ìbínú rẹ̀ kalẹ̀ sí?

Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mo wà níwájú ilé ìtọ́jú, mo ń gún adìẹ ẹnì kan lábẹ́rẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Tíṣà tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Ó ti gbó sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran kedere. Mo gbé àga fún un, a kí ara wa, a béèrè àwọn ọmọ.

Ó ní, "Ìyá Adéọlá, mo wá wò ó bóyá ẹ ní òmíràn ni."

Mo ní, "Òmíràn kí, Bàbá?"

"Ajá. Èyí tí ara rẹ̀ kò yá ni mo fẹ́. Èyí tí ara rẹ̀ le, wọ́n á rí ẹni tó máa gbà wọ́n. Bọ̀dé náà ti ní òun á máa fún un lóògùn, òun ló ní kí n wá."

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé. Táyà àtijọ́ àti àga tó ti kán ni wọ́n kó síbi tí àtíbàbà wà, koríko ti hù bò wọ́n. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níjọ́sí.

Ó ní, "Kò sí ni?"

Mo ní, "Kò sí, Bàbá."

Ó mi orí. Ó ní, "Kò burú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ pè mí. Ẹ máà wo ti ọjọ́ orí mi."

Mo sìn ín dé ibi tó ti máa wọ mọ́tò Ìsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo sọ fún àwọn àgbẹ̀, mo sọ fún àwọn ọdẹ, mo ní kí wọ́n gbé ajá aláìsàn wá fún mi. Wọn ò gbé e wá mọ́. Ẹ̀rù ti ba gbogbo wọn. Bí ajá bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan báyìí, wọ́n á ti pa á kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Bàbá Tíṣà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bọ̀dé ló pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù láti sọ ọ́. Nọ́ńbà Bàbá ṣì wà nínú fóònù mi nígbà náà, mo ṣì ń retí ìdí tí n ó fi pè é.